Ẹni tí omi gbé ìkòkò rẹ̀ lọ, kí ni yóò fi àpò ìrẹsì ṣe?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta kí òjò tó rinlẹ̀. Bí omíyalé bá ti ṣẹlẹ̀, àpò ìrẹsì, mátírẹ́ẹ̀sì àti aṣọ àlòkù ni àwa ará Akúrẹ́ máa ń sáré kó jọ. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi gbé ìkòkò, sítóòfù àti igi ìdáná rẹ̀ lọ, ibo ni yóò ti se ìrẹsì náà?

Oúnjẹ tí a ti sè ló yẹ fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àti omi tó mọ́ ju ohun gbogbo lọ. Nígbà tí àgbàrá bá bo ṣáláńgá àti kànga pọ̀, onígbáméjì kì í pẹ́ dé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló sì máa ń tètè pa. Ẹ jẹ́ ká kó O.R.S. lọ (ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru), ká kó oògùn tí ń pa kòkòrò inú omi lọ, ká kó àwọ̀n ẹ̀fọn lọ. Bí O.R.S. bá tán, kí ìyá ọmọ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kó máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀ títí wọn ó fi dé ilé ìwòsàn. Níbi tí ọjà bá ṣì ń ná, owó ni ká fún wọn.

Àkúnya omi ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Maiduguri tẹ̀ lé e ní 2024, Mokwa ní 2025. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú etí òkun tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Omi ti àwọn ará Ayétòrò kì í fà padà kí wọ́n lè tún ilé ṣe, nítorí ilẹ̀ gan-an ló ń gbé lọ. Ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n nílò, pẹ̀lú ibi tí ọkọ̀ ojú omi wọn yóò máa gúnlẹ̀ sí, torí apẹja ni wọ́n.

Ohun kan tó dùn mí wọra ni bí a ṣe ń to àwọn abiyamọ tó wá gba ẹrù ìrànwọ́ sínú oòrùn de àwọn ọlọ́lá àti oníkámẹ́rà. Ẹ jọ̀wọ́, kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti Ìgbọ́kọ̀dá dé Ayétòrò. Ẹrù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ní Akúrẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá ti pẹ́. Mo ń bẹ ìjọba, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí pé kí wọ́n kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí Ìgbọ́kọ̀dá báyìí, kí wọ́n sì lẹ orúkọ àwọn tó bá gbà á mọ́ ògiri, kí gbogbo ará ìlú lè kà á.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín,
Akúrẹ́.