Ẹ ka kíléèmù kí ẹ tó sá fún géèmù tó ń lo GPS

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù orí fóònù ní Ìbàdàn yìí, pé kò sẹ́ni tó tún lè ṣe géèmù tó ń lo ibi téèyàn wà mọ́, nítorí àwọn tó ṣe Pokémon GO lọ́dún 2016 ti gba pátẹ́ǹtì lé gbogbo rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun lẹ́tọ̀ọ́ láti dá àwọn míì dúró pé kí wọ́n má lò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn wá gan-an pé àwọn tó mọṣẹ́ ń torí ẹ̀ pa iṣẹ́ tì.

Kíléèmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé pátẹ́ǹtì. Òun ni apá tí wọ́n fi nọ́ńbà tò, tí oníǹkan ti ń sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Àkọlé àti àwòrán kọ́ ló ń de èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi Mápó ṣàpẹẹrẹ. Ká ní kíléèmù kan sọ pé fóònù á fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ni géèmù. Sáfà á wo ohun tó wà nítòsí. Bí ẹni tó ń gbá géèmù bá sún mọ́ gbọ̀ngàn Mápó tó mítà 40, àpótí á ṣí. Ṣùgbọ́n bí sáfà bá rí i pé ẹni náà kúrò ní Mápó tó sì dé Ilé Kòkó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, á mọ̀ pé irọ́ ni, kò ní ṣí i. Ohun mẹ́rin nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé nínú géèmù yín kí wọ́n tó lè ní ẹ tẹ kíléèmù náà lójú. Bó bá jẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ìṣirò, tí kò sí sáfà níbẹ̀, ó ti yàtọ̀. Àmọ́ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lè bi yín bóyá ohun tí ẹ fi rọ́pò ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́nà kan náà, nítorí náà ẹ yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè pátẹ́ǹtì náà, torí ohun tó ti wà ṣáájú kì í ṣe tuntun mọ́. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ tí kì í jẹ́ kó péye kúrò lára GPS aráàlú, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí a wà. Lọ́jọ́ kejì ẹnì kan ti gbé korobá kan pamọ́ sí ìpínlẹ̀ Oregon káwọn èèyàn fi GPS wá a rí. Lọ́dún 2001, wọ́n ń gbá BotFighters, géèmù orí fóònù tó ń lo ibi téèyàn wà, ní Sweden. Ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn ìyẹn kò lè gba “rìn lọ síbì kan kí o rí nǹkan” lásán. Ọgbọ́n tuntun ló lè gbà. Bí àpẹẹrẹ, GPS fóònù máa ń ṣì tó mítà 5 níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́, ó sì máa ń ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí ilé gíga bí Ilé Kòkó, torí àmì rẹ̀ ń lu ògiri padà. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tuntun tún ìyẹn ṣe ní nǹkan lọ́wọ́.

Google Patents àti Espacenet, àwọn ìkànnì tí ẹ ti lè wá ìwé pátẹ́ǹtì, kò gbowó. Nínú ìwé Amẹ́ríkà ti òde òní, bí A1 bá wà nígbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀, ìbéèrè lásán ni; bó bá jẹ́ B1 tàbí B2, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń san owó rẹ̀: ọdún 3 ààbọ̀, 7 ààbọ̀ àti 11 ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n ń san án; bí wọn ò bá san án, ó kú. Pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kò de ẹni tó ń ta géèmù ní Dùgbẹ̀, àyàfi bí ẹ bá gbé e lọ tà fáwọn ará Amẹ́ríkà.

Tiwa ńkọ́? Òfin pátẹ́ǹtì wa ti ọdún 1970 kò ní kí iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ní Àbújá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun. Bí ìwé bá ṣe pé ni wọ́n ń wò, òfin náà sì sọ ọ́ kedere pé ìjọba kò dúró fún un. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé sàtífíkéètì wá dẹ́rù bà yín, ẹ ní kó ka kíléèmù rẹ̀ síta. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló lè sọ bóyá ó dúró. A ń rọ àwọn aṣòfin kí wọ́n fi àyẹ̀wò gidi sí i, torí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ń dẹ́rù ba olóòótọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀, kó má ṣe kọ́kọ́ gbé géèmù síta. Líǹkì tí ẹnikẹ́ni lè fi gbà á lórí WhatsApp ti tó láti ba jíjẹ́ tuntun rẹ̀ jẹ́ níbí àti ní Yúróòpù. Nínú àwọn tí a dárúkọ yìí, Amẹ́ríkà nìkan ló fúnni ní ọdún kan láti kọ̀wé lẹ́yìn téèyàn bá ti gbé e síta. Ẹ kọ̀wé sí Àbújá ná, ẹ ó ní oṣù 12 láti kọ ọ́ sílẹ̀ lókè òkun. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní ọgbà Agodi kó tó dìgbà náà, kí àwọn tí yóò bá yín dán an wò fọwọ́ síwèé àṣírí kí ẹ tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí wọn.

Agbẹjọ́rò kan àti olùṣe géèmù kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.