Ẹ jẹ́ kí hóró ikàn gbó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo bẹ àwọn tó ń gbin ikàn sẹ́yìnkùlé: ẹ má mú hóró lára èyí tó ṣì ń dán. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe àṣìṣe yẹn, ẹyọ kan kò hù! Èyí tí èèpo rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni hóró rẹ̀ gbó. Lọ́dún yìí, mo fọ̀ ọ́, mo sá a síbòòji, mo gbìn ín sínú agolo. Lọ́jọ́ 9 ló yọrí, ewé kékeré méjì, ó ṣì gbé èèpo hóró rẹ̀ lérí bíi fìlà. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọ wá wò ó. Alaalẹ́ ni mò ń gbé agolo náà wọlé, torí ikàn kò fẹ́ òtútù rárá. Ìgbà tó yọ ewé 5 ni mo tó ṣí i lọ sórí ebè.

Èmi ni òǹkàwé yín.