Ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó ra ilẹ̀kùn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Káfíńtà ni mí ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lé ní ọdún 30 tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọ́ ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí ojú màmá mi rí lọ́dún tó kọjá.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ, torí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tọ́jú wọn dáadáa. Lóru ọjọ́ kẹta, màmá dìde lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tì í, itan màmá ló ń tì. Mo ń gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀: “Ẹ rọra, itan mi ni.” Inú lọ́hùn-ún ni híńjì wà, n kò rí i tú láti ìta. Mo sáré mú ṣísù àti ayùn nínú ọkọ̀, mo dá ihò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀, kí eyín ayùn má bàa kàn wọ́n lára. Nọ́ọ̀sì tó kéré jù ló rákòrò wọlé.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí a gbé màmá lọ ya fọ́tò egungun. Bẹ́ẹ̀dì há sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Inú yàrá ni wọ́n kúkú ti tò ó. Mo yọ téèpù. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ férémù àti sísanra ilẹ̀kùn kúrò, àyè tó kù jẹ́ ínṣì 33. Bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ínṣì 38. Àwa mẹ́rin la di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú láti fi gbé wọn jáde. Igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó ra ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ti wọ́ọ̀dù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tàbí kí ó jẹ́ alápá méjì, ńlá kan, kékeré kan. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìta ni kí ó máa ṣí sí, kí nọ́ọ̀sì sì lè ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ìta. Ẹ fi gíláàsì tóóró sí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, irú èyí tí kì í tú ká bó bá fọ́, kí ó gùn wálẹ̀ dé ojú ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Fèrèsé ńkọ́? Ṣíláìdì ló gbòde báyìí. Ó dára lójú, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí, torí apá kan ń sá sẹ́yìn èkejì ni. Tí ẹ bá tún ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, atẹ́gùn dín kù sí i, ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó ń gba inú atẹ́gùn ran ẹlòmíràn, sì lè wà nínú wọ́ọ̀dù. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ka ìwádìí kan fún mi. Ní ìlú Lima, lórílẹ̀-èdè Peru, ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde lọ́dún 2007: ilé ìwòsàn 8, yàrá 70. Àwọn yàrá àtijọ́ tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn tóbi, ni atẹ́gùn fẹ́ sí jù, ó tilẹ̀ ju ti yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí lọ. Ní ti fèrèsé lúfà, onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó ń ṣí tán pátá. Eruku ọyẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé lóòótọ́, nítorí náà fèrèsé tí odindi apá rẹ̀ ń ṣí síta ni èmi máa ń sọ pé kí wọ́n rà.

Màmá ti wà nílé, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Mo ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn tí mo gé, owó pákó nìkan ni mo gbà, ìta ló sì ń ṣí sí báyìí. Mẹ́rin yòókù ní wọ́ọ̀dù náà ṣì ń ṣí sínú.

Èmi ni tiyín,
Káfíńtà kan, Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́.