Ẹ má tìtorí GMAT kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Èmi kì í sábà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, mo kàn máa ń rà á kà ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí bọ̀dá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ò kúrò lọ́kàn mi. Bọ̀dá yẹn ní àwọn ń múra ìdánwò GMAT kí àwọn lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò lọ kàwé MBA, ìyẹn oyè kejì nínú ìmọ̀ okòwò, pé iṣẹ́ ò jẹ́ káwọn ráyè, nítorí náà àwọn fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn fi oṣù mẹ́rin jókòó ti ìwé, wọ́n wá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù ná. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni àáké. Tí wọ́n bá ju àáké nù, kí ni wọ́n fẹ́ fi la àpáta?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí ojú mi ló ṣe. Iṣẹ́ akáùǹtì ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Marina ní Lagos Island, Agége ni mò ń gbé, mo wà nílé ọkọ, mo sì bí ọmọ méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ GMAT. Ìkíní jẹ́ ìparí oṣù kẹfà ọdún 2024, mo gba 485. Ìkejì jẹ́ oṣù kejì ọdún 2025, mo gba 635. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, láti 205 ni máàkì ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ títí dé 805. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni mo wà nígbà méjèèjì, ọ̀gá kan náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà, àwọn ọmọ ò sì tíì kúrò nílé. Ohun tó yàtọ̀ ni ìgbà tí mò ń ṣí ìwé láàárín ọjọ́.

Lẹ́ẹ̀kíní, alẹ́ ni mo fi ń kà á. Màá kúrò ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́fà, màá délé ní mẹ́jọ àbọ̀, nígbà míì mẹ́sàn-án, ẹ̀yin náà mọ bí afárá Third Mainland ṣe máa ń rí tó bá di Fúráìdeè, màá wẹ ọmọ, màá wo iṣẹ́ tí tíṣà fún wọn wálé, màá palẹ̀ ilé ìdáná mọ́, ó di mẹ́wàá àbọ̀ kí n tó jókòó. Ọkọ mi á ti tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ torí tèmi, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo, ọkàn mi á sì máa sọ pé owó ló ń jó yìí o, o ò gbọdọ̀ sùn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kàwé di aago kan òru. Tẹ́ ẹ bá ka wákàtí yẹn pọ̀, ó pọ̀ gan-an, àmọ́ kò wọlé. Mo lè ka ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń bi mí, ìṣirò tí mo ṣe lálẹ́ Mọ́ńdè, tó bá fi máa di Tọ́sìdeé ó ti dà bíi pé mi ò rí i rí. Mo rò pé ọpọlọ mi ló ti dógùn-ún, torí ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo jáde ní yunifásítì. Ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò gan-an, à ń parí àkọsílẹ̀ owó ti oṣù náà lọ́wọ́, ọ̀gá mi ò yọ̀ǹda mi, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Marina. Nígbà tí mo rí 485 lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, inú ọkọ̀ ni mo ti sunkún délé.

Kì í ṣe torí máàkì nìkan ni mo ṣe sunkún, torí owó ni. Dọ́là 275 ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn. Nígbà tí dọ́là ń lọ sí nǹkan bíi 1,500 náírà, ó ti lé ní 400,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000, ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀, ẹni tó ń gba iye yẹn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo owó oṣù mẹ́fà lélẹ̀ fún ìdánwò wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Àjọ lèmi dá pẹ̀lú àwọn obìnrin ọ́fíìsì wa, mo bẹ alájọ kó jẹ́ kí n kó ìkejì. Ìgbà tí mo tún máa kọ ọ́, àjọ náà ni mo tún dá, owó oṣù ni mo sì fi ń san án. Ìbéèrè tí mo ní fún bọ̀dá nìyí: tẹ́ ẹ bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí ìkíní wá lọ bí tèmi ṣe lọ, níbo lowó ìkejì fẹ́ ti wá? Lóòótọ́ wọ́n gbà kéèyàn tún un kọ lẹ́yìn ọjọ́ 16, wọ́n sì gbà á ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárín oṣù 12, àmọ́ gbogbo ìgbà téèyàn bá fẹ́ kọ ọ́ ló máa san owó tuntun. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí náà á sì béèrè irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àti ohun tẹ́ ẹ ti gbé ṣe níbẹ̀. Ẹ má lọ jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Anti kan tó ti kọ ọ́ ṣáájú mi ló là mí lójú. Mo ń ráhùn fún wọn pé mi ò ráyè, wọ́n ní aago mélòó lojú ẹ máa ń mọ́lẹ̀ jù lójúmọ́? Mo ní àárọ̀ ni. Wọ́n ní ta lò ń fún ní àárọ̀ ẹ? Mo dákẹ́ lọ, torí mi ò fún ẹnikẹ́ni, orí tábìlì ọ́fíìsì ni mo máa ń fi sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Èkó ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń ti Agége lọ sí Island gbọ́dọ̀ kúrò nílé kó tó di aago márùn-ún, tó bá ti di mẹ́fà ọ̀nà ti dí, a ó wá dé ọ́fíìsì ní nǹkan bíi aago mẹ́fà, a ó dorí kodò sórí tábìlì, a ó sùn títí di mẹ́jọ tíṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ sí méjì ló ń ṣòfò yẹn lójoojúmọ́, torí pé a ò sùn dáadáa lálẹ́!

Mo wá dojú ẹ̀ délẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní ṣí ìwé kankan lálẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, ọkọ mi gbà láti máa wo iṣẹ́ ilé àwọn ọmọ, tó bá ti di mẹ́sàn-án àbọ̀ mo ti sùn. Tí mo bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀, bàbá sẹkúrítì wa máa ń jẹ́ kí n jókòó síbi tí ìnfátà ń gbé iná, torí jẹnẹrétọ̀ ńlá ò ní tàn títí di méje àbọ̀, màá kàwé láti aago mẹ́fà dé méje àbọ̀, màá wá ṣíwọ́, màá mu tíì, màá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí rélùwéè tuntun tó ń ti Agbado lọ sí Oyingbo bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lọ́jọ́ tí mo bá bá a wálé, màá yẹ àwọn ìbéèrè kéékèèké wò lórí fóònù. Wákàtí kan àti ààbọ̀ àárọ̀ yẹn ṣe mí lóore ju wákàtí méjì àti ààbọ̀ òru lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti mọ̀ pé ọpọlọ mi ò dógùn-ún rárá, ó ti rẹ̀ mí ni.

Nǹkan kejì tó gbà mí là ni ìwé àṣìṣe. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdánwò náà díẹ̀ kó tó lè yé yín. Ìpín mẹ́ta ló ní, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Quantitative Reasoning tó jẹ́ ìṣirò ní ìbéèrè 21, Verbal Reasoning tó jẹ́ ìwé kíkà àti àròjinlẹ̀ ní 23, Data Insights tó jẹ́ òye dátà ní 20. Kọ̀ǹpútà ló ń yan ìbéèrè tó kàn fún yín gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbà á tàbí bẹ́ ẹ ṣe ń kùnà ẹ̀, ẹ ò lè fo èyíkéyìí, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tó ìparí ìpín kan tí ààyè ṣì wà kẹ́ ẹ tó lè padà, ìdáhùn mẹ́ta péré lẹ sì lè yí. Tẹ́ ẹ ò bá parí ẹ̀, ó máa ṣàkóbá fún yín. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìmọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò? Wọ́n ń wò ó bóyá èèyàn mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ibi témi ti ń ṣubú jù ni irú ìbéèrè kan nínú Data Insights. Ká ní wọ́n bi yín pé ìyá oníṣu kan gbé iṣu lọ sọ́jà, mélòó ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́? Wọ́n wá fún yín lọ́rọ̀ méjì. Ìkíní, iṣu 60 ló gbé lọ. Ìkejì, ó ta ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó gbé lọ. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni pé ṣé ọ̀rọ̀ kìíní nìkan tó láti fi mọ̀ ọ́n, àbí ìkejì nìkan, àbí èyíkéyìí nínú méjèèjì ló tó fúnra ẹ̀, àbí ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, àbí méjèèjì pàápàá ò tó. Wọn ò bi yín pé iṣu mélòó. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé méjèèjì pọ̀ ló tó, ẹ mú un kẹ́ ẹ máa lọ. Èmi akáùǹtáǹtì, ọwọ́ mi ò gbà kí n fi ìṣirò sílẹ̀ láìṣe é tán, màá ṣe é títí máa fi rí 20, ìṣẹ́jú kan ti lọ síbẹ̀ lásán. Ìwé àṣìṣe ló fi èyí hàn mí. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá gbà, mi ò ní kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn tí mo bá kùnà nìkan ni màá kọ, mi ò sì ní kọ ìdáhùn tó yẹ, ìdí tí mo fi kùnà ni màá kọ: mi ò ka ìbéèrè délẹ̀, mo sáré, mi ò mọ̀ ọ́n rárá, mo pẹ́ jù lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo kà á pọ̀, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n o, mo kàn sáré kà á ni. Mi ò bá tún ti lọ sanwó lẹ́sìnnì ìṣirò tí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń tà káàkiri. Wọ́n ti yí ìdánwò yìí padà ní ìparí ọdún 2023, kò sí àròkọ níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti yọ ibi tí wọ́n ti ń tún gírámà ṣe, wọ́n sì ti yọ jọ́mẹ́tìrì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ka jọ́mẹ́tìrì nínú ìwé tí mo rà ní owó pọ́ọ́kú. GMAC tó ni ìdánwò náà ń fún èèyàn ní ìdánwò ìgbáradì méjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì wọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, orúkọ ọkọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ, orúkọ bàbá mi ló sì wà nínú tèmi, ó gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ sì tó mú déètì, ẹ wo kàlẹ́ńdà iṣẹ́ yín. Lẹ́ẹ̀kejì, àárín oṣù ni mo mú, mo yọ ọjọ́ méjì nínú ìsinmi ọdún mi, mo sùn, mo jẹun, mi ò ṣí ìwé.

Ohun tó le jù fún mi nínú gbogbo ẹ̀ kì í ṣe ìṣirò, Sátidé ni. Sátidé ni mo ń rí wákàtí mẹ́rin gbà lápapọ̀, tí ìyá mi bá ti wá kó àwọn ọmọ, ẹ sì mọ̀ pé Sátidé Èkó kò ṣófo. Oṣù márùn-ún ni mi ò fi débi ìnáwó kankan. Mo ń sanwó aṣọ ẹbí, mo ń fi owó ránṣẹ́, síbẹ̀ àwọn ẹbí ọkọ mi ní mo ti ń gbéra ga, ìyàwó àbúrò ọkọ mi tí mi ò lọ síbi ìkómọ ẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ó dùn mí, torí inúure ni mo ní sí i. Ẹ̀yin ẹbí tẹ́ ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, tí ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ bá ní òun ń kàwé, ẹ dákun ẹ gbà á gbọ́.

Mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù pé ọ̀gá á rò pé mo fẹ́ lọ ni ò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì nígbà àkọ́kọ́, ni mo fi ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ fáìlì. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin láti kàwé, tó tún ń ṣe iṣẹ́ yín bó ṣe yẹ, kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ jẹ́ kó rí ibi tíná wà jókòó sí láàárọ̀, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún un kó tó lọ kọ ìdánwò. Bàbá sẹkúrítì tí owó oṣù ẹ̀ ò tó nǹkan ló ṣe èyí fún mi, wọ́n á tiẹ̀ ti nu àga sílẹ̀ dè mí.

Bọ̀dá tó kọ lẹ́tà, tẹ́ ẹ ò bá tíì fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ dán àárọ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìwé àṣìṣe mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, méjì ni, ewé ọgọ́rin-ọgọ́rin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ kọ̀wé sí Olóòtú, màá fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn kẹ́ ẹ wá mú un níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Agége, Èkó.