Iyọ̀ ló ń pa iyùn wa, kì í ṣe pH

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí àwa díẹ̀ tá à ń sin ẹja òkun àti iyùn alààyè (ẹ̀dá inú òkun ni, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn) nínú táńkì kékeré l'Ékìtì níbí.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá gbogbo iyùn mi ló ká jọ, àwọ̀ wọn ń ṣí, ẹni tó ta táńkì fún mi ní kí n lọ ra kẹ́míkà tó ń gbé pH (ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan) sókè, mo rà á mo dà á sí i, ńṣe ló tún burú sí i. Bẹ́ẹ̀ pH mi wà ní 8.2 tẹ́lẹ̀, kò sóhun tó ṣe é! Ìgbà tí mo wọn iyọ̀ ni mo rí i pé ó ti kúrò ní gíráàmù 35 nínú kílò omi kan, ó ti di 40. Ọyẹ́ ló ń fa omi lọ, iyọ̀ kì í sì í bá omi fò lọ, èmi wá ń fi omi oníyọ̀ dí i lójoojúmọ́, iyọ̀ ń gorí iyọ̀. Omi tí kò níyọ̀ rárá ló yẹ kéèyàn fi dí èyí tó bá gbẹ.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dá ìwọ̀n iyọ̀ náà padà lẹ́ẹ̀kan náà o, ẹ jẹ́ kó gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sì yẹ nitrate (èròjà tí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí máa ń kó sínú omi) inú omi kànga wò kẹ́ ẹ tó lò ó, pàápàá kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ẹ fi nǹkan ìwọnyọ̀ kún táńkì tẹ́ ẹ bá ń tà fáwọn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín kan,
Adó-Èkìtì.