Mo Ti Yó, Mi Ò Ṣàìsàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípa iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sísanra kù, èyí tẹ́ ẹ gbé fọ́tò obìnrin kan sí, ọ̀kan nígbà tó tóbi, ọ̀kan nígbà tó ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Orí àga mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kà á, mo tún pe ọmọ tó ń bá mi tajà pé kó wá wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dáa, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí, pé obìnrin yẹn jáde lọ́sibítù ó ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ti ṣe é. Ó di oṣù mọ́kàndínlógún báyìí. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kù, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì wà níbì kan tó ti ń ṣa owó jọ nítorí fọ́tò yẹn.

Aláṣọ ni mí n'Ìbàdàn, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kílò 128 ni mo wọ̀n nígbà yẹn, ìtọ̀ ṣúgà wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London ló kọ́kọ́ dá a sọ, bàbá wọn bínú, ó ní ṣé ebi ló fẹ́ fi pa ìyá ẹ̀ ni. Nígbà tó yá ó gbà. Ọsibítù aládàáni kan l'Ékòó la ti ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve. Wọ́n á lu ihò kéékèèké bíi márùn-ún síkùn èèyàn, wọ́n á ki ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á gé àpò oúnjẹ inú ẹ̀, ká ní wọ́n pín in sọ́nà márùn-ún wọ́n á mú bíi mẹ́rin kúrò, èyí tó ṣẹ́kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Wọn ò kàn so ó o, wọ́n gé e sọnù ni, kò sí pé èèyàn ronú pìwà dà lọ́la kó ní kí wọ́n dá a padà.

Iṣẹ́ abẹ yẹn ò tó wákàtí méjì. Ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, mo ṣì wà ní kíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nǹkan olómi nìkan ni. Kọ́ọ̀pù kékeré tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn oògùn, tí ò gbà ju 30 ml lọ, òun ni mo fi ń mumi. Màá bu omi sí i, màá fẹnu kàn án, màá gbé e kalẹ̀, màá wo aago. Wọ́n ní kí n rí i pé mo mu lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀, àádọ́ta kọ́ọ̀pù nìyẹn, mo wá jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Omi, omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́, ògì tó ṣàn dáadáa tí wọ́n po mílíìkì mọ́, tíì tí ò ní ṣúgà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n bọ́ sórí oúnjẹ lílọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mí-ìn, kó tó wá kan èyí tó rọ̀.

Ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún mi lọ́sibítù tó ojú ewé mẹ́rin. Yọ́gọ́ọ̀tì, ànàmọ́ òyìnbó gígún, súùpù kárọ́ọ̀tì, oats. Mo kà á láti òkè délẹ̀ mi ò rí nǹkan kan tí ìyá mi sè rí. Ọmọ mi ló béèrè lórí fóònù pé, "Mọ́mì, gbẹ̀gìrì ńkọ́?" Ẹ wò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gbẹ̀gìrì! Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sè títí tó fi kúnná, tí wọ́n tún fi ìjábẹ̀ já, kí ló tún kù tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ lílọ̀? Wọ́n sì ní pùrótéènì ni kí n máa lé kiri, gíráàmù 60 lójúmọ́ ó kéré tán, ẹ̀wà sì nìyẹn nínú àwo. Ata díẹ̀, epo díẹ̀, ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti tó. Ìgbà tó yá mo bọ́ sórí móínmóín tó rọ̀, ẹyin, ẹja tútù tí mo fọwọ́ yọ eegun ẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìwé oúnjẹ yẹn fún àwọn aláìsàn Yorùbá, ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé wọn ò jẹ gbẹ̀gìrì rí ni?

Ẹ jẹ́ n wá dé orí òkèlè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í rún òkèlè. A máa bù ú, a máa yí i lọ́wọ́, a tì í bọ ọbẹ̀, ó ti dọ́fun. Ọmọ tó bá ń rún àmàlà, wọ́n á ní oúnjẹ ló fi ń ṣeré. Dókítà sì ti sọ fún mi pé gbogbo nǹkan tó bá wọnú ẹnu mi kí n rún un bí ìgbà ogún, ọgbọ̀n, mo ní mo gbọ́, ẹran ni mo rò pé ó ń sọ. Oṣù kejì ń parí lọ, ọjọ́ Sunday, wọ́n gbé àmàlà àti ewédú kalẹ̀, mo bu ẹyọ kan, kò tó ẹyin àdìyẹ, mo gbé e mì bí mo ṣe ń gbé e mì láti kékeré. Ó dúró gbagidi sí àárín àyà mi. Kò lọ sísàlẹ̀, kò wá sókè. Itọ́ funfun tó ń hó bí ọṣẹ wá ń kún ẹnu mi, bí mo ṣe ń tu ú ni òmíì ń dé, mo sá jáde sẹ́yìnkùlé mo dì mọ́ ògiri, ìyàwó ọmọ mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ó ń pe Jésù. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó tú mi sílẹ̀. Òkèlè kan péré o!

Ní báyìí òkèlè mi ò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ, mo sì ń rún un. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wo sinimá. Iyán ṣì le fún mi ju àmàlà lọ, búrẹ́dì pàápàá, ṣe ló máa ń di ìyẹ̀fun pípò padà nínú mi, ìrẹsì tó bá gbẹ náà ò dáa. Ṣàkì àti pọ̀nmọ́, mo ti bá wọn dágbére.

Èyí tó wá ń ti mí lójú jù, bóyá Yorùbá nìkan ló máa yé. Wọ́n ní ẹran tàbí ẹja ni kí n kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀lé e, kí òkèlè gbẹ̀yìn, torí àyè inú mi ò pọ̀, tí mo bá fi àmàlà dí i pùrótéènì ò ní ríbi wọ̀, iṣan ara mi lá máa jó dípò ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹran ló ń gbẹ̀yìn oúnjẹ, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹran nígbà tí àmàlà ṣì wà nínú àwo, olójúkòkòrò ni, ìyá mi sì nà mí lórí ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Títí dòní, tí mo bá ti mú ẹja, mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Omi náà ńkọ́, àwa tá a máa ń fi omi ti oúnjẹ lẹ́yìn, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ mumi mọ́ oúnjẹ mọ́, kí n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ife omi a wà níwájú gbogbo èèyàn, tèmi a wà nínú yàrá.

Ebi? Apá tí wọ́n gé dànù yẹn, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà tó ń ké ebi sí ọpọlọ ti ń jáde. Bíi oṣù mẹ́fà, ebi ò pa mí rárá, álààmù fóònù ló ń rán mi létí pé mi ò tíì jẹun. Ikùn ò fẹ́ ṣùgbọ́n ojú ń fẹ́, tí wọ́n bá ń dín dòdò ní ìsàlẹ̀ mo lè dúró lójú fèrèsé kí n máa gbóòórùn ẹ̀ bí aṣiwèrè. Ọ̀rọ̀ ojú yìí ló jẹ́ kí n ṣubú lórí chin-chin. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ẹran kékeré a há mi lọ́fun ṣùgbọ́n chin-chin ń yọ̀ wọlé ni, bísíkíìtì náà bẹ́ẹ̀, mo gbé ike kan sábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù mo ń he é ní méjì-méjì láti àárọ̀, mo ní mi ò jẹun ṣáà. Kílò mẹ́rin ló padà wá kí n tó mọ̀. Iṣẹ́ abẹ ò gé ọwọ́ èèyàn.

Ó kan ẹ̀yin èèyàn wàyí.

Nígbà tó di bí oṣù kẹrin, irun mi ń já, mo bá máa ń rí ìdìpọ̀ ẹ̀ nínú kóòmù. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá jò lójijì, pé á hù padà, ó sì ti hù. Ṣùgbọ́n irun tó ń já, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti wọlé, ìró tó ń bọ́ nídìí mi lójú ọ̀nà, ọjà ti ṣèdájọ́ ti wọn. Ẹnìkan ní àrùn tí ò gbóògùn ni. Ẹnìkan ní ọkọ mi ti fẹ́ fi mí ṣowó. Obìnrin kan tá a jọ ń ta àǹkárá gbé àgbo wá fún mi nínú ọ̀rá, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo dúpẹ́, mi ò mu ún. Ìgbà tí mo tóbi tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún mi o, wọ́n ní mo ń jẹ ayé.

Pátì ló burú jù. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wọ́n gbé iyán fún mi, wọ́n gbé ìrẹsì tẹ̀ lé e, mo jẹ ṣíbí mẹ́rin mo ní mo ti yó. Ìyá àgbà kan ní ìdílé wọn jókòó tì mí, wọ́n ní ṣé oúnjẹ àwọn ò dára lójú ìyàwó àwọn ni, àbí mo ti di òyìnbó. Ìtìjú mú mi, mo fi ṣíbí mẹ́ta sí i. Ṣíbí mẹ́ta yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kí n tó dé ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, mo ti bì sórí léèsì tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn fún gbogbo ìdílé. Nǹkan tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé mo lè ní kí wọ́n bá mi di ìyókù sí náílọ́nù kí n sì dúró lé e. Ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá ní òun ti yó, ẹ gbé àwo kúrò níwájú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn, mi ò ní fi falẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ kúrò tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí. Fítámì kì í ṣe fún oṣù mélòó kan, títí lọ ni. Ayọ́ọ̀nù (iron), kálísíọ̀mù, fítámì D, abẹ́rẹ́ B12, kí èèyàn sì fi bíi wákàtí méjì sáàárín ayọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù torí kálísíọ̀mù kì í jẹ́ kí ara gba ayọ́ọ̀nù dáadáa. Ó ń náni lówó. Nígbà tí owó ẹ̀ gbéra sókè, mo dá a dúró fún oṣù mẹ́ta, mo ní ṣebí ara mi ti le. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí mi, àtẹ̀gùn tó ti rọ̀ mí lọ́rùn tún di òkè, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹni tó bá ń ka iye tí iṣẹ́ abẹ máa ná an, kó ka ti fítámì àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdọọdún mọ́ ọn. Oògùn ara ríro tá a máa ń rà ní kẹ́míìsì bíi ibuprofen, dókítà ti ní kí n jìnnà sí i, torí ó lè dá egbò sínú àpò oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ló bá mi dín wọn kù, mi ò dá a ṣe.

Ẹ má rò pé mo kábàámọ̀. Kílò 89 ni mo wọ̀n lánàá. Mo ń gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ìdì aṣọ lórí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín ni pé tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ wá àwa tá a ti lé lọ́dún kan rí, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé kó mú ẹni tó ń se oúnjẹ ilé ẹ̀ dání lọ bá dókítà. Bàbá àwọn ọmọ mi ò tẹ̀ lé mi lọ, oṣù mẹ́ta ló fi ń wo oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú àwo mi bí ẹni rí òkú.

Ìkómọ kan ń bọ̀ ládùúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti pe ìyá ìkókó lálẹ́ àná, mo ní kó bá mi fi móínmóín ẹlẹ́ja kan sínú àwo ọmọdé, kó gbé e fún mi níwájú gbogbo ayé, kó má fi pa mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹyọ kan náà ni?" Mo ní ààbọ̀ ẹ̀ ni màá jẹ níbẹ̀, kó bá mi wá náílọ́nù fún ààbọ̀ kejì.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn