Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì, lórí ọ̀rọ̀ àdúrà tó o bi mí

Ìyá Ìbejì mi, ọ̀rẹ́ àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù Manchester ńkọ́? Ṣé ikọ́ àwọn ọmọ ti lọ?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ voice note ẹ, èyí tó o fi bi mí bí mo ṣe ń dá gbàdúrà. Ibi tó o ti ní o lè gbàdúrà wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ bá wà lórí prayer line, tẹ́ ẹ jọ ń gbàdúrà lórí fóònù, àmọ́ tó bá ti ku ìwọ nìkan nínú yàrá, ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní pé kó o tó na ọwọ́ mú fóònù, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí ohun tó ṣe èmi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, mi ò kàn lè sọ fẹ́nì kankan ni. Jagunjagun àdúrà ni wọ́n mọ̀ mí sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní fíjìlì èmi ni màá gbé kókó àdúrà kalẹ̀, ohùn mi á há, aṣọ á rin gbingbin fún òógùn. Tí mo bá wá délé, tí kò sẹ́ni tó ń ṣe àmín lẹ́yìn mi, mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ.

Mo gbìyànjú o. Mo fi áláàmù sí aago mẹ́ta òru, mo ní wákàtí kan gbáko ni màá máa lò lójoojúmọ́. Nígbà tó dọjọ́ kẹrin, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sùn lọ sí. Tí mo bá wá fo ọjọ́ kan, màá ní mo jẹ Ọlọ́run ní gbèsè, kí n san wákàtí méjì lọ́la, gbèsè yẹn pọ̀ títí mo fi pa gbogbo ẹ̀ tì.

Ọ̀dọ̀ Àlájà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ni mo ti rí nǹkan kọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun asùbáà, màá gbọ́ bútà ẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kọ̀ọ̀, omi á máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá nìyẹn. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dùn, òjò ìbáà rọ̀, kí NEPA mú iná lọ, kì í yẹ̀, kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ kan mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ omi yẹn, omijé ń bọ́ lójú mi. Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnnì, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gààrí, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ó ti rẹ̀ mí." Kò sí nǹkan míì tó wá. Mo kàn jókòó síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé Ó gbọ́.

Àtọjọ́ yẹn, bútà Àlájà ni áláàmù mi. Jésù ní ká wọ iyẹ̀wù ká sé ilẹ̀kùn, Mátíù 6:6, kíṣìnnì yẹn ni iyẹ̀wù tèmi. Fóònù ò bá mi débẹ̀, Bíbélì oníwèé ni mò ń lò, torí tí mo bá ṣí tinú fóònù, WhatsApp ti dé nìyẹn. Sáàmù kan, màá kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi bó ṣe rí, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fo ọjọ́ kan, mi ò san gbèsè kankan mọ́, màá kàn kí Bàbá mi, ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ṣó o rántí Dáníẹ́lì 6:10? Kìnnìún la máa ń wàásù lé lórí, àmọ́ ẹsẹ yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ló ń kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti ń ṣe é kí òfin ọba tó ka àdúrà sí Ọlọ́run léèwọ̀ tó jáde rárá. Àwa ọmọ CAC (Christ Apostolic Church) náà, ìsọjí ńlá Òkè-Ooyè ní Iléṣà lọ́dún 1930 la máa ń ròyìn, bẹ́ẹ̀ láti 1928 ni rólà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì, tí Bàbá Babalọlá, wòlíì tí Ọlọ́run lò níbi ìsọjí yẹn, ń wà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú títì, tó sì ti ń dá gbààwẹ̀, dá gbàdúrà kí èrò tó mọ̀ ọ́n.

Tìẹ wá o, jọ̀ọ́ má fi tìpá mú aago mẹ́rin àárọ̀, ẹnu iṣẹ́ lo wà nígbà yẹn. Lóòótọ́ Jésù dìde kílẹ̀ tó mọ́ nínú Máàkù 1:35, àmọ́ gbogbo ìlú ti kún ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìgbà tí ibi gbogbo pa rọ́rọ́ ló wá lọ. Tìẹ lè jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ tó o bá ti ṣíftì dé, nínú mọ́tò níwájú ilé, kó o pa á, kó o ju fóònù sínú báàgì, káwọn ọmọ tó mọ̀ pé o ti dé. Ìyá arúgbó tó ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, tó kú lọ́wọ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó o ní o ò tíì rójú sunkún ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ bá A sọ. Má wá èdè ńlá.

Ọjọ́rú lorúkọ ẹ wà nínú ìwé tí mò ń kọ orúkọ àwọn tí mò ń gbàdúrà fún sí, tìẹ àti tàwọn ọmọ. Àlájà ní kí n kí ẹ, ó ń bi mí bóyá àwọn ìbejì ti ń sọ Yorùbá. Jẹ́ kí n mọ èsì tí màá fún un.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ ẹ ní Ìbàdàn